Ohùn Tí A Gbọ́, Ojú Tí A Kò Rí: Iṣẹ́ David Oyelowo lórí Tẹlifíṣọ̀n àti nídìí Ohùn, àti Ohun Tó Kàn Wá Nínú Rẹ̀ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ Yorùbá tó di gbajúmọ̀ òṣèré ní òkè òkun, orí fíìmù ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Àwọn tó ń kọ nípa David Oyelowo kì í pẹ́ dé orí Selma, fíìmù ọdún 2014 tó ti ṣe Martin Luther King, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń dúró sí. Apá méjì mìíràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni bébà yìí gùn lé: iṣẹ́ tó ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2002 títí di ọdún 2019, àti iṣẹ́ tó fi ohùn nìkan ṣe nínú katúùnù àti nínú ìwé tí a kà sínú ẹ̀rọ.

Ìdí tí a fi gbé e wá sí àpérò àwọn olùkọ́ni kò fara sin. Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní agbègbè Zaria mọ irú ohùn tó ń wọ inú kíláàsì wa. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Sabon Gari tàbí Samaru ń sọ Hausa ní ìta, ó ń gbọ́ Yorùbá nílé, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Àwọn ọmọ kéékèèké tí a ń rí ní Bomo ti fi Gẹ̀ẹ́sì mìíràn kún un, ìyẹn èyí tí wọ́n ń kó láti inú katúùnù orí fóònù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ti gbọ́ ohùn Oyelowo ní àìmọye ìgbà láìmọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀. Ìbéèrè wa ni pé: ta ló kọ́ ohùn yẹn, ibo ni ó gbà kọjá, kí sì ni wọ́n ń fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀ kí ó tó dé orí rẹ̀? Èrò tiwa ni pé ohùn òṣèré kì í ṣe ẹ̀bùn àbínibí lásán. Ó ní ìtàn, olùkọ́ sì wà nínú ìtàn náà.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. David Oyetokunbo Oyelowo ni orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀, láìsí àmì kankan, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó sì máa kọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Oyètòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, ìlú Oxford ni wọ́n sì bí i sí lóòótọ́, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1976. Oyèlọ́wọ̀ ní tirẹ̀ ń sọ pé oyè ní ọ̀wọ̀. Bí a bá yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní a kà á bí ẹni pé oyè ní owó. Ìyẹn náà lè jẹ́ òótọ́ láyé ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹni tó sọ orúkọ náà ní lọ́kàn.

Àwọn tó ti ṣíwájú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà Oyelowo ṣe gùn tó, kó kọ́kọ́ wo Orlando Martins. Èkó ni wọ́n bí Martins sí ní ọdún 1899, nínú ìdílé tó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti Brazil wá. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì fi London ṣe ibùgbé nígbà tí ogun parí. Kò sí iṣẹ́ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán níbẹ̀: ó ru ẹrù ní ọjà ẹja Billingsgate, ó ja ìjàkadì fún owó, ó bá àwọn onísákọ́ọ̀sì rìn, ó gbé ejò lọ́wọ́ kí àwọn ènìyàn lè wò ó. Nígbà tó dé orí ìtàgé, ọ̀kan lára àwọn tó kàn dúró sẹ́yìn ni, láìsọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rà. Ó ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohùn ńlá tó jinlẹ̀ ni ó ní.

Ní ọdún 1935 ó wà nínú Sanders of the River pẹ̀lú Paul Robeson, òṣèré àti olórin Amẹ́ríkà tí ó wá kábàámọ̀ fíìmù náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn nítorí bí ó ṣe gbé ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn ga. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jọ ṣe eré C. L. R. James lórí Toussaint Louverture, aṣáájú àwọn ẹrú Haiti tó gba òmìnira. Ẹ wo bí ọdún méjì péré ṣe lè gbé ohùn ènìyàn kan sí ipò méjì tó ta kora. Ní ọdún 1946, nínú Men of Two Worlds, Martins ṣe Magole, adáhunṣe tó dojú ìjà kọ àwọn tó fẹ́ kó ìlú kúrò níbi tí àìsàn wà. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n jù ni The Hasty Heart, tó kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé, tó sì wá ṣe nínú fíìmù ní ọdún 1949 pẹ̀lú Ronald Reagan, ẹni tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981. Blossom ni wọ́n pe Martins nínú eré yẹn: ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan nínú ilé ìwòsàn àwọn ológun, tí kò gbọ́ èdè àwọn tó yí i ká, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì ju bíńtín lọ. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn Blossom. A gbà pé Martins ṣe é dáadáa. Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbójú fo òtítọ́ kan: ọmọ Èkó tó ti gbé London fún 30 ọdún, tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ipò ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti wá. Ó padà sí Èkó ní ọdún 1959, ó kópa nínú fíìmù Kongi's Harvest ti Wọlé Ṣóyínká tó jáde ní ọdún 1970, ó sì kú ní ọdún 1985.

Láàárín Martins àti Oyelowo, àwọn mìíràn wà tí a ó kàn dárúkọ díẹ̀ nínú wọn. Yemi Ajibade, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí wọ́n bí ní ọdún 1929, ṣeré, ó kọ eré, ó sì bá ẹ̀ka Áfíríkà ti BBC ṣiṣẹ́; Royal Court ní London gbé eré rẹ̀ Parcel Post jáde ní ọdún 1976. Taiwo Ajai, tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Taiwo Ajai-Lycett, bẹ̀rẹ̀ ní Royal Court kan náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, nínú The Lion and the Jewel. Ohun tó yí padà ní àsìkò tiwọn ni pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, ìránṣẹ́, ọ̀daràn àti ọba inú igbó ni ipa tí wọ́n sábà ń rí.

Oxford, Èkó, London

Bàbá Oyelowo jẹ́ Yorùbá láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, ìdílé náà kó wá sí Èkó, wọ́n sì gbé ibẹ̀ títí ó fi tó ọmọ ọdún 13 kí wọ́n tó padà sí London, ní agbègbè Islington. Ọdún méje yìí ṣe pàtàkì gan-an. Oyelowo fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé nítorí pé Èkó ni òun ti dàgbà, òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tó kéré níye: dókítà tí òun ń rí, adájọ́, olùkọ́, sójà, gbogbo wọn ló dúdú bí tòun. Nígbà tó dé London, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé ipò kan kì í ṣe tirẹ̀, kó sì gbà.

Àwa olùkọ́ máa ń gbàgbé pé ilé ìwé Nàìjíríà ti fún ọmọ ní nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ nínú ilé ìwé wa ni a mọ̀ ọ́n kà, ó sì pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lo ọdún méje níbi tí ẹni tó ń darí àpéjọ òwúrọ̀, ẹni tó ń kàwé sókè àti ẹni tó ń gba ẹ̀bùn jẹ́ ènìyàn bíi tirẹ̀, ohùn tó gbé jáde níbẹ̀ kì í gbọ̀n.

Ní City and Islington College ni olùkọ́ kan tó ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tíátà ti sọ fún un pé ó lè fi eré ṣíṣe ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Kò sí nínú ìran rẹ̀ ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní London tí ì bá fi ṣe àwòkọ́ṣe; ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni ó gbé e. Ó lọ sí LAMDA, ilé ẹ̀kọ́ eré oníṣe tó lókìkí ní London, ó sì parí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta níbẹ̀ ní ọdún 1998.

Ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ohùn jẹ́ iṣẹ́ gedegbe lórí tábìlì ìṣètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń fi ètè àti ahọ́n pe ọ̀rọ̀ kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́ láìjẹ́ pé a pariwo, bí a ṣe ń gbé ohùn ìlú kan wọ̀ tí a ó sì bọ́ ọ sílẹ̀. Nígbà tí Oyelowo wọ Royal Shakespeare Company ní ọdún 1999, ó bá nǹkan kan náà níbẹ̀: láti ọdún 1969 ni Cicely Berry ti ń darí ẹ̀kọ́ ohùn fún àwọn òṣèré ilé-iṣẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Àwọn òṣèré tó ti gboyè, tí èdè náà jẹ́ èdè abínibí wọn, ṣì ní olùkọ́ ohùn.

Ọ̀kan nínú eré tó ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1999 ni Oroonoko, ìtàn ọmọ ọba Áfíríkà tí wọ́n tà sóko ẹrú, èyí tí Biyi Bandele tún kọ fún ìtàgé. Ó yẹ kí àwọn ará Kaduna fetí sí èyí. Kafanchan, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna níbí, ni wọ́n bí Bandele sí ní ọdún 1967, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá. Ọmọ tó dàgbà láàárín Hausa àti àwọn èdè gúúsù Kaduna ló kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹnu àwọn òṣèré Shakespeare ní Stratford. Ó kú ní ọdún 2022. A kò mọ̀ bóyá ilé ìwé kan ní Kafanchan ń fi orúkọ rẹ̀ kọ́ ọmọ. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi Oyelowo ṣe Ọba Henry Kẹfà, nínú eré mẹ́ta Shakespeare tí Michael Boyd darí láti òpin ọdún 2000 sí ọdún 2001. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ṣe ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú irú eré ńlá bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kùn. Ó gba ẹ̀bùn Ian Charleson lórí rẹ̀, Faber sì tẹ ìwé kékeré tó kọ nípa ipa náà ní ọdún 2003. Ọba tí Shakespeare kọ yìí jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, olùfọkànsìn, tí àwọn ìjòyè ń fi ohùn líle bò mọ́lẹ̀. Orí ìtàgé ni wọ́n ti gbọ́ pé òṣèré yìí lè sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí gbogbo ilé sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Tẹlifíṣọ̀n ló jàǹfààní rẹ̀.

Danny Hunter, Joe Pascale, Gilbert Joseph

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002, BBC bẹ̀rẹ̀ Spooks, eré alátẹ̀léra lórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ MI5. Oyelowo ni Danny Hunter, ó sì wà nínú rẹ̀ títí wọ́n fi pa Danny ní òpin ìpele kẹta ní ọdún 2004. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé Danny kì í ṣe àlejò. Kò sí ẹni tó ń bi í nínú eré náà pé ìlú wo ló ti wá. Ó ń ṣọ́ ìlú tirẹ̀ ni. Ohùn ọmọ London ni ohùn rẹ̀, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ń fìfẹ́ hàn, ó ń ṣàṣìṣe. Fún mílíọ̀nù ènìyàn tó ń wo BBC lálẹ́, ó di ẹni tí wọ́n mọ̀. Bí a bá gbé Danny sẹ́gbẹ̀ẹ́ Blossom, ọdún 53 ló wà láàárín wọn.

Èyí tí a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ni wò ju gbogbo rẹ̀ lọ ni Shoot the Messenger, eré tẹlifíṣọ̀n ọdún 2006 tí Sharon Foster kọ, tí Ngozi Onwurah darí fún BBC. Joe Pascale fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń mówó wọlé sílẹ̀ lọ ṣe olùkọ́ ní ilé ìwé London, nítorí ó gbọ́ pé àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ń ṣubú lẹ́nu ẹ̀kọ́, pé wọ́n sì nílò olùkọ́ tó jọ wọ́n. Ó le mọ́ wọn. Ó ń dá wọn dúró lẹ́yìn ilé ìwé kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn fẹ̀sùn kàn án pé ó lu òun. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ gan-an pè é ní ọ̀dàlẹ̀, orí rẹ̀ dàrú, ó di ẹni tí ń sùn ní ìta. Jákèjádò eré náà ni Joe ń kọjú sí àwa òǹwòran tó ń bá wa sọ̀rọ̀ tààrà, pẹ̀lú ìkorò. Awuyewuye pọ̀ lórí rẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní ó ta wọ́n lọ́pọ̀, àwọn kan ní ó sọ òtítọ́ tí wọ́n ń sọ nínú ilé síta.

Olùkọ́ Nàìjíríà tó bá wò ó lè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: nítorí ẹ̀sùn pé ó na ọmọ? Ṣùgbọ́n bí eré náà ṣe ń lọ, ẹ̀rín á dá. Ìṣòro Joe kì í ṣe ẹgba. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó nífẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ náà, ohùn kan ṣoṣo ló sì ní láti fi bá wọn sọ̀rọ̀, ohùn ìbáwí. Àwọn ọmọ náà kò gbọ́ ìfẹ́ nínú rẹ̀. Oyelowo jẹ́ kí a gbọ́ ọ. Nígbà tí Joe bá wà nínú kíláàsì, ohùn rẹ̀ a gbẹ, nígbà tó bá wà lọ́dọ̀ wa, a rọ̀. A mọ olùkọ́ tó rí báyẹn. Ọ̀pọ̀ lára wa ló kọ́ wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, BBC gbé Small Island jáde, láti inú ìwé Andrea Levy. Gilbert Joseph ni Oyelowo níbẹ̀, ọmọ Jàmáíkà tó jà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì padà wá sí London ní ọdún 1948 láti wá iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì Jàmáíkà ni ó ní láti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ilé bàbá rẹ̀. Àwọn tó rò pé aláwọ̀ dúdú kan náà ni gbogbo aláwọ̀ dúdú kò ní mọ iṣẹ́ tó wà nínú èyí. Orin Gẹ̀ẹ́sì Jàmáíkà yàtọ̀ sí ti Èkó bí Yorùbá Ìjẹ̀bú ṣe yàtọ̀ sí ti Ìlọrin.

Nígbà yẹn, ó ti kó lọ sí Los Angeles, láti ọdún 2007. Ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba: eré ìtàn àtijọ́ ni tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn jù, aláwọ̀ dúdú kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú wọn. Ìdáhùn tó fún ọ̀rọ̀ yìí dé lẹ́yìn ọdún 11. Ní òpin ọdún 2018 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, BBC gbé Les Misérables jáde ní apá mẹ́fà, Oyelowo sì ṣe Javert, ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé. Òun náà wà lára àwọn tó bójú tó ìgbéjáde rẹ̀. Ẹni tí kò rí àyè nínú eré àtijọ́ padà wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń pín àyè.

Ohùn láìsí ojú

A dé orí ohun tí ó jẹ́ kókó fún wa. Láti ọdún 2014 sí ọdún 2018, Oyelowo fi ohùn ṣe Kallus nínú katúùnù Star Wars Rebels. Ẹni tó mọ àwọn fíìmù Star Wars mọ̀ pé àṣà kan wà nínú wọn láti ọdún 1977: àwọn ọ̀gá ìjọba aninilára sábà máa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kàwé, àwọn tó ń bá wọn jà a máa sọ ti Amẹ́ríkà. Ọ̀gá ìjọba ni Kallus kó tó yí padà dara pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Nígbà tí wọ́n nílò ohùn àṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oyètòkunbọ̀ ni wọ́n pè. Wọ́n ya ojú Kallus ní òyìnbó onírun pupa. Ohùn inú rẹ̀ gba Èkó kọjá. Nínú The Lion Guard ti Disney, òun náà ni ohùn Scar, kìnnìún búburú tí Jeremy Irons ti ṣe nínú fíìmù ọdún 1994.

Ní ọdún 2015, Oyelowo ka Trigger Mortis, ìwé James Bond tí Anthony Horowitz kọ pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ni ogún Ian Fleming. Àwọn ìwé ìròyìn kéde pé aláwọ̀ dúdú ti di James Bond nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, pẹ̀lú ohùn nìkan. Àríyànjiyàn ń lọ nígbà yẹn bóyá aláwọ̀ dúdú lè ṣe Bond nínú fíìmù. Nínú ìwé tí a ń gbọ́ létí, kò sí ẹni tó jà. Ìdí rẹ̀ ṣe kedere, kò sì dùn mọ́ni tán: etí gba ohun tí ojú kò fẹ́ gbà. A kò lè sọ pé ìṣẹ́gun lásán ni èyí. Ohùn lè wọ ilé tí ẹni tó ni ín kò lè wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé Martins: ara rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó wọlé, wọ́n ní kó fi ohùn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú kíka ìwé bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn inú ìtàn: akọ, abo, ọ̀rẹ́, ọ̀tá, ará Amẹ́ríkà, ará Rọ́ṣíà. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Apàlọ́ ilẹ̀ Yorùbá tó mọṣẹ́ a máa fi imú sọ̀rọ̀ bí Ìjàpá, a sì fi ohùn ńlá sọ ti Erin. Nínú tatsuniya àwọn Hausa, Gizo aláǹtakùn ní bí ahọ́n rẹ̀ ṣe máa ń kólòlò, ọmọ Zaria tó bá gbọ́ ọ á ti mọ̀ pé òun ló dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà wa ló ti ṣe iṣẹ́ tí Oyelowo ń gbowó lé lórí, láìsí ẹ̀rọ.

Ohun tó kan ilé ẹ̀kọ́ wa

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE wa ń kọ́ fonẹ́tíìkì àti fonọ́lọ́jì Yorùbá. Wọ́n lè ya àtẹ fáwẹ́lì, wọ́n lè ṣàpèjúwe kọ́ńsónáǹtì gb láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n dìde ka ojú ewé kan nínú ìtàn àròsọ Yorùbá sókè. Ọ̀pọ̀ ń kà á bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ọjà. Nígbà tí wọ́n bá lọ fún TP, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kà á fún àwọn ọmọ, àwọn ọmọ náà a sì gbà pé bí Yorùbá ṣe ń dún nìyẹn.

Ní Zaria ọ̀rọ̀ náà ní ìdíjú tirẹ̀. Fáwẹ́lì márùn-ún ni àkọtọ́ Hausa ní, kò ya e sọ́tọ̀ sí ẹ, kò sì ya o sọ́tọ̀ sí ọ, nítorí náà ọmọ tó gbó nínú Hausa lè máa pe ọ̀wọ̀ bí owó. Ṣùgbọ́n Hausa jẹ́ èdè olóhùn gẹ́gẹ́ bíi Yorùbá. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí ọmọ náà, ohùn àárín ni yóò kọ́. Olùkọ́ tó bá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níwájú kíláàsì pé ahọ́n rẹ̀ ti bàjẹ́ kò mọ ohun tí ọmọ náà gbé wá. Usman Baba Pategi, tí gbogbo Àríwá mọ̀ sí Samanja láti orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Kaduna, ọmọ Pategi ni, láti ilẹ̀ Nupe. Hausa ló fi di Samanja. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ́kọ́ lọ tún ahọ́n rẹ̀ ṣe.

Iṣẹ́ sì wà. BBC ti ń gbé Hausa sáfẹ́fẹ́ láti ọdún 1957, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá ní ọdún 2018. Ní Kano, Algaita Dub Studio ń fi ohùn Hausa bọ inú fíìmù India, àwọn ọmọ Bomo ń wò ó, wọ́n sì ń sín ohùn wọn jẹ. Yunifásítì Ahmadu Bello ti gbé eré oníṣe lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé àyíká Samaru, títí kan Bomo, láti ìparí àwọn ọdún 1970, ní èdè tí àwọn àgbẹ̀ náà gbọ́. Ẹ̀ka tíátà ló ṣe èyí. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè kò bá wọn dá sí i tó.

Àbá wa kò pọ̀. Kí a fi kíka ìwé sókè kún ìdánwò Yorùbá NCE, kí ó ní máàkì tirẹ̀, ó kéré tán 20 nínú 100, kí ó má sì jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè yege láìṣe é. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ka àlọ́ kan sínú fóònù rẹ̀ kó tó lọ fún TP, kí ó sì dá ohùn ẹ̀dá mẹ́ta ó kéré tán nínú rẹ̀ yà sọ́tọ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn ìwé ìtàn tí a ti ń kà láti ọjọ́ pípẹ́ wà nínú ilé ìkàwé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì tíì ní ẹni tó fi ohùn kà á sílẹ̀ fún ọmọ tó wà ní Samaru láti gbọ́. Bí ẹ̀ka mẹ́ta, Yorùbá, Hausa àti Igbo, bá lè jọ yá yàrá kan tó dákẹ́ lò nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi aṣọ nípọn bo ògiri rẹ̀, a lè bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀.